Omi Kò Mọ Eré

Ẹni tí ó bá ti gun òkè Dassa rí yóò jẹ́rìí pé ohùn kì í sọnù níbẹ̀. Ènìyàn lè pe ọmọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí àpáta kan dá orúkọ náà padà láti ọwọ́ ọ̀tún, kí òmíràn tún dá a padà láti ọwọ́ òsì, títí yóò fi dà bí ẹni pé gbogbo òkè ni ó ń wá ọmọ náà kiri. Àárín àwọn àpáta wọ̀nyí ni Perpétue, ọmọ Ignace, dàgbà sí. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó gbà pé wọ́n ń dáàbò bo òun ni. Nígbà tí ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń relé ọkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n bí ẹni tí ń wo ògiri.

Ọmọ tí kì í kọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Bí wọ́n bá gbé ẹrù lé e lórí, yóò kọ́kọ́ rù ú ná, kí ó tó béèrè ibi tí ẹrù ń lọ. Tàńtí Martine, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ obìnrin, tí ó tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, a máa fi í yangàn láàárín àwọn obìnrin ìjọ.

"Ẹ bi í ní ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́," ni yóò wí. "'Bẹ́ẹ̀ ni, Tàńtí' ni ẹ ó gbọ́."

Ní ọdún tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, Músíè Isidore, tí ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, dá ẹgbẹ́ eré kan sílẹ̀. Eré wọn kò ní ìwé, kò sì ní ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni há sórí. Ohun tí ó bá ti inú agbo jáde lójú ẹsẹ̀ ni eré. Nítorí èyí, ìdánrawò ni wọ́n máa ń ṣe ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, lórí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, kí etí wọn àti ara wọn lè mọra. Wọn a dúró ní òbìrìkítí. Ẹnìkan a mú ohùn kan jáde pẹ̀lú ìṣesí kan, bóyá kí ó ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, kí ó sì máa yí èjìká rẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀kùn náà ń ṣí, yóò sì jù ú sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ó jù ú sí gbọ́dọ̀ gbà á gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wá, kí ó jẹ́ kí ó yí padà nínú ara tirẹ̀, kí ó sì gbé e fún ẹni tí ó bá wù ú.

"Gbà á, yí i padà, gbé e fún ẹlòmíràn," ni Músíè Isidore máa ń wí. "Ẹni tí ó bá kọ ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ti pa eré."

Gbígbà kò ni Perpétue lára. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó ń dà á láàmú. Bí ó bá ti gba ohùn náà tán, yóò dì í mú sáyà bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún, òbìrìkítí yóò sì dúró dè é.

Ìdánrawò mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe ní méjì-méjì. Ẹnìkan a di ojú rẹ̀. Ìkejì a yan ohùn kan tí kì í ṣe ọ̀rọ̀, a sì máa fi ohùn náà fà á kiri orí àpáta láàárín ariwo àwọn tó kù. Ṣàkírù, ọmọ àwọn aláṣọ inú ọjà Dassa, ni Músíè Isidore fi ṣe ìkejì Perpétue. Ọkùnrin gíga ni, oníwà pẹ̀lẹ́, tí ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Rùkáyàt tajà ní ṣọ́ọ̀bù tí baba wọn fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fi ahọ́n kan eyín, ó sì mú ohùn kan jáde tí ó ń fà gùn lọ: fàrààà.

"Kí ni ìyẹn?" ni Perpétue bi í.

"Àǹkárá tuntun ni. A ó fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ díẹ̀, a ó wá fi ọwọ́ fà á ya. Bí aṣọ bá jẹ́ ayédèrú, kì í dún bẹ́ẹ̀."

Perpétue di ojú, ó sì tẹ̀lé aṣọ tí ń ya náà. Àwọn kan ń hó bí ìkòkò, àwọn kan ń súfèé. Modeste, àgbẹ̀ láti abúlé Akofodjoulè tí ó sanra lápá, ń kọ bí àkùkọ. Síbẹ̀ ó gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó sì rìn lórí àpáta náà bí ẹni pé ògiri kankan kò sí láyé. Nígbà tí ó la ojú, ó bá ara rẹ̀ ní etí àpáta, Ṣàkírù wà níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ kí ó má baà gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

Òjò dé, òjò lọ. Perpétue àti Ṣàkírù ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, kí ọ̀nà lè gùn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní àárín ìdánrawò, aṣọ náà dẹ́kun yíya. Perpétue dúró ní ojú dídì láàárín ariwo, kò mọ ìhà tí ó kọjú sí, bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.

"O dákẹ́," ni ó wí nígbà tí Ṣàkírù wá dì í lọ́wọ́ mú.

"Ariwo wọn ti pọ̀ jù. Modeste ń kọ lẹ́bàá etí mi. Mo rò pé o kò lè gbọ́ mi mọ́."

"Tìrẹ ni kí o pè, tèmi ni kí n gbọ́. Ta ni ó ní kí o bá mi ṣe tèmi?"

Ṣàkírù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀. "Má bínú. Wọ́n kọ́ mi nílé pé a kì í gbé ohùn sókè níwájú oníbàárà."

"Ṣé oníbàárà rẹ ni mí?"

"Rárá. Ìwọ ni o dúró tí o ń wo ọjà. Èmi ni mo wà lórí àtẹ."

Perpétue kò lè di ẹ̀rín rẹ̀ mú. Ní ọjọ́ náà ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìdánrawò. Ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó mọ ilé tí ó ti jáde wá.

Rùkáyàt ni Ṣàkírù fi ṣe alárinà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ni. Ó di ẹrù aṣọ méjì, ó lọ sí ilé Ignace bí ẹni tó wá polówó. Tàńtí Martine tú aṣọ náà wò, ó fi ìka pa á, ó tún un ká.

"Aṣọ yìí dára, Rùkáyàt. Ṣùgbọ́n ó jọ pé èyí tí o fẹ́ tà kò sí nínú ẹrù."

"Ẹ ò ṣàìmọ̀, Ìyá. Àbúrò mi ọkùnrin ni. Ó ní ojú òun kò kúrò lára ọmọ yín."

"Aṣọ ni mo máa ń rà lọ́wọ́ yín. N kò ra àna rí."

"Àna kì í ṣe títà, Ìyá. Ọ̀fẹ́ ni mo mú un wá."

"Ohun ọ̀fẹ́ ni ó ń wọ́n jù lọ láyé," ni Tàńtí Martine dá a lóhùn, ó sì ti ẹrù náà padà sí iwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ignace, tí ó ń pọ́n àdá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò gbé orí sókè. "Kò sí ìjà láàárín àwa àti ẹ̀yin. Àwọn òbí yín ta aṣọ fún àwọn òbí wa. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ mi, ẹni tí ó mọ ebè iṣu ni mo sì fẹ́ kí ó fẹ́. Kí àbúrò rẹ wá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Perpétue wà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni ó gbọ́. Ó la ẹnu láti jáde lọ sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ tí Tàńtí pè é: "Perpétue, wá sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tàńtí," ni ó wí.

Rùkáyàt wò ó ní ẹnu ọ̀nà, ó mi orí. "Àbúrò mi kì í pariwo, ìwọ náà kì í kọ̀. Ta ni yóò wá ṣe é fún yín?"

Oṣù Ògún dé. Àwọn èrò ti ń dé fún ìrìn-àjò mímọ́ sí Arigbo, ihò àpáta tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń gbàdúrà, ìlú kún, ẹgbẹ́ eré sì ṣí agbo wọn fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà jókòó níwájú. Tàńtí Martine wà láàárín wọn nínú aṣọ ìjọ rẹ̀. Músíè Isidore ní kí àwọn èrò fún àwọn ní ohun tí àwọn yóò fi ṣeré.

"Ìtọrọ ìyàwó," ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

Lójú ẹsẹ̀, agbo náà di ilé. Ẹnìkan di ewúrẹ́, ẹnìkan di odó, àwọn méjì di ẹnu ọ̀nà tí ń ké. Perpétue di afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó fi ètè fẹ́ ẹ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà náà ni Modeste wo yíká, ó rí igbá omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn òṣèré, ó gbé e, ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì nà án sí i láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹni tí ó bá kọ ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ti pa eré. Òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Perpétue gba omi náà, ó mu ún.

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Tàńtí Martine kò pàtẹ́wọ́. Ó dìde láàárín àwọn àgbà, ó tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú Modeste, ó sì tún jókòó. Àwọn àgbà mìíràn rí i, ọ̀rọ̀ sì ti di ti ayé.

"Eré ni, Tàńtí," ni Perpétue wí nígbà tí wọ́n délé.

"Ṣé omi náà kò tutù? Àbí ọ̀fun ẹlòmíràn ni ó gbà kọjá?"

"Mi ò rò ó..."

"Ta ni ó ń rò ó? Nínú ilé wa, omi ni a fi ń tọrọ ọmọbìnrin. Ọkùnrin a gbé e wá lórí ìkúnlẹ̀, lójú ẹni tí ó tọ́ ọmọ náà. Èmi ni mo tọ́ ọ; ojú mi ni o ṣe mu ún, gèlè tí mo tẹ́ sì ni ẹ̀rí pé mo rí i. Ó ku omi kejì, èyí tí obìnrin ń gbé fún ọkùnrin lójú ẹbí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Bí mo bá ní eré ni, lọ́la ẹnikẹ́ni yóò mu omi ilé wa, yóò nu ẹnu, yóò ní eré ni òun ń ṣe. Omi kò mọ eré, ọmọ mi."

Ohun tí ó burú jù ni pé Tàńtí Martine kò bínú. Ó fi ọwọ́ pa á lórí nígbà tí ó ń sọ ọ́. Perpétue ìbá lè bá ìbínú jà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọwọ́ tó rọ̀ jà.

Ó lọ bá Modeste nígbà tí ó ń kó iṣu sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí ọjà Glazoué. "Sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé o mọ òfin ilé wa nígbà tí o gbé igbá náà?"

Modeste gbé iṣu kan, ó tún gbé e sílẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n n kò pète rẹ̀. Ọwọ́ mi ti kan igbá kí n tó rántí, ẹsẹ̀ mi sì ti kúnlẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tí o wá mu ún, Perpétue, mo dúpẹ́. Má ní kí n purọ́ fún ọ."

Perpétue gbé iṣu náà sínú ọkọ̀ fún un, ó sì lọ.

Ṣàkírù ni ó lọ bá gbẹ̀yìn, lórí àpáta pẹrẹsẹ náà. Òòrùn ti ń wọ̀, òjìji àwọn òkè ti gba idajì ìlú.

"Sọ fún wọn pé o kò fẹ́," ni Ṣàkírù wí.

"Mo la ẹnu láti sọ ọ́, 'bẹ́ẹ̀ ni' ni ó ń jáde. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ yóò sọ?"

"Èmi? Wọ́n ti dá ẹ̀gbọ́n mi padà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ìyá mi pàápàá ní kí n má wá ibi tí wọn yóò ti fi wá ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ wo ni mo ní nínú àgbàlá yín?"

"O tún ti dákẹ́," ni Perpétue wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ láìfi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

Nígbà tí àwọn èrò Arigbo ti túká, ẹbí pé jọ sí àgbàlá Ignace. Àgbàlá náà ní ògiri ní ìhà mẹ́ta. Ìhà kẹrin, àpáta ńlá ni ó dí i, tí ó ga ju ilé lọ. Àwọn ará Akofodjoulè jókòó ní iwájú, Modeste ní àárín wọn. Àwọn ẹgbẹ́ eré wà ní ẹ̀gbẹ́, nítorí Modeste ni ó pè wọ́n. Rùkáyàt náà wà níbẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ra aṣọ ìbojú lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tó ta aṣọ náà má jẹun níbẹ̀. Bóyá ó mú àbúrò rẹ̀ dání, Perpétue kò mọ̀. Inú ilé ni ó wà títí wọ́n fi pè é.

Tàńtí Martine da aṣọ náà bò ó lórí títí dé ìgbáròkó, ó sì gbé igbá omi lé e lọ́wọ́ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà: a ó bo obìnrin lójú kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹwà ojú ni ó tàn án, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má baà ní ńṣe ni wọ́n fà á lọ. Ọkùnrin nìkan ni ó lè wúkọ́ díẹ̀ kí ó lè mọ ọ̀nà.

"Iwájú tààrà ni, ọmọ mi," ni Tàńtí Martine wí sí i létí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tàńtí."

Òkùnkùn gbígbóná ni ó wà lábẹ́ aṣọ náà, ó ń rùn bí aṣọ tuntun, bí inú ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírù. Modeste wúkọ́. Perpétue gbé ẹsẹ̀. Omi náà mì, ó kan àtàǹpàkò rẹ̀. Ó dúró, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ bí ó ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀ lórí àpáta. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi ewúrẹ́ kan ní ẹ̀yìn ilé àti èémí ara rẹ̀. Modeste tún wúkọ́, ikọ́ pẹ̀lẹ́, ikọ́ ọmọlúàbí. Ó tún gbé ẹsẹ̀. Ó ń ronú pé ó tó bẹ́ẹ̀, pé ó rẹ òun, pé bóyá bí gbogbo obìnrin ṣe ń dé ibi tí wọ́n ń dé nìyẹn.

Fàrààà.

Ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé aṣọ orí òun ni ó ya. Kò sì mọ ibi tí ó ti wá, nítorí àpáta ti gbà á, ó ti dá a padà. Ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ó dúró. Tìrẹ ni kí o pè, ni ó ń wí nínú ara rẹ̀. Pè.

Fàrààà. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dún kíkan, láìtijú, bí ẹni tí ń fa odindi aṣọ ya láàárín ọjà. Àwọn àgbà ń yí orí kiri láti mọ ẹni tí ń ba aṣọ jẹ́. Òsì ni, lẹ́bàá ògiri; ti ọ̀tún ni àpáta. Perpétue dúró de ikọ́ Modeste, kí ó lè fi wọn wéra. Ikọ́ náà kò wá.

Gbà á. Ó ti gbà á. Igbá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó sọ pé kò lè gbé e fún ẹni tí ó bá wù ú? Ó yí sí òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Perpétue," ni Tàńtí Martine pè é. "Iwájú ni mo wí."

Kò dáhùn. Ní gbogbo ayé rẹ̀, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń rìn, omi náà ò mì mọ́, aṣọ tí ń ya náà sì ń súnmọ́ ọn, títí ó fi dẹ́kun níwájú rẹ̀ gan-an. Ó kúnlẹ̀, ó na igbá náà. Ọwọ́ méjì gbà á. Lẹ́yìn náà, gbogbo àgbàlá gbọ́ bí ọ̀fun ọkùnrin kan ṣe ń gbé omi mì títí omi fi tán.

Ignace ti dìde. "Ó ṣìnà. Aṣọ ni kò jẹ́ kí ó ríran. Ẹ bu omi mìíràn, kí ó padà bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe ni."

"Kò ṣìnà, Bàbá," ni Modeste wí láti orí àga rẹ̀. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ ni a mọ ohùn ara wa. Èmi náà gbọ́ ẹni tí ó pè é. Ìyẹn ni mo ṣe gbé ikọ́ mi mì."

Tàńtí Martine rìn lọ sí ẹ̀bá ògiri, ó gba igbá náà, ó dojú rẹ̀ dé. Kò sí ẹ̀kán kan.

"Ìwọ ọmọ aláṣọ," ni ó wí. "O mu ún tán?"

"Mo mu ún tán, Ìyá."

"Òùngbẹ ń gbẹ ọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti ń gbẹ mí tipẹ́, Ìyá. Ẹnu ni n kò là."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Tàńtí Martine gbé igbá òfìfo náà sókè, ó fi han ẹbí.

"Jókòó, Ignace," ni ó wí. "Èmi ni mo dúró lójú gbogbo ayé tí mo ní omi kò mọ eré. N kò lè fi ẹnu kan náà sọ pé ó mọ àṣìṣe." Ó kọjú sí Rùkáyàt. "Ẹrù aṣọ tí o mú wá nígbà ìyẹn, tún un dì. Kó àwọn àgbà yín dání. Inú mi kò dùn o, n kò sì ṣèlérí pé a ó gbọ́ra yé. Ṣùgbọ́n ẹ wá."

"A ó wá, Ìyá," ni Rùkáyàt wí, ó sì kúnlẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ mi, Perpétue?" ni Tàńtí Martine bi í.

Ọkùnrin ni ó yẹ kí ó ṣí obìnrin lójú. Perpétue kò dúró dè é. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ náà kúrò lórí, ìmọ́lẹ̀ sì lù ú lójú. Ṣàkírù wà níwájú rẹ̀, ètè rẹ̀ tutù fún omi. Àwọn òkè ṣì dúró síbi tí wọ́n ti ń dúró. Àpáta kò ṣí ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni.

"Mo gbọ́, Tàńtí," ni ó wí. "Ẹ ṣeun."

Lẹ́yìn náà ni ó wo ẹ̀yìn, ó ń fi ojú wá Modeste. Ọkùnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ó jáde tán, tí ó rò pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ òun mọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpáta sì dá a padà.